Túúlu tó ń tojú bẹ̀rẹ̀, tí họ́mónù sì ń tì í: nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, èwo lẹ máa mú?

Oríṣiríṣi nǹkan làwọn èèyàn ń pè ní túúlu, torí náà ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí mò ń bá bọ̀, èyí táwọn dókítà ń pè ní migraine. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ ń ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì lórí fóònù, ẹ wá rí i pé àárín ọ̀rọ̀ kan ti pòórá, ẹ rí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ rí èyí tó parí ẹ̀, àárín ò sí ńbẹ̀, ẹ gbójú síbòmíì, ihò yẹn tẹ̀ lé yín lọ síbẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, etí ihò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ṣákiṣàki bí eyín ayùn, á máa tàn yẹ̀rìyẹ̀rì, á máa fẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tó fi máa jáde níbi tójú yín lè rí dé. Ẹ di ojú ọ̀tún, ó ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ di tòsì, ó ṣì wà. Ìdí ni pé kì í ṣe ojú ló ń ṣe é, ọpọlọ ni, apá ẹ̀yìn orí tá a fi ń ríran. Nǹkan kan ló ń rìn kọjá lára ọpọlọ níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi mìlímítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, ibi tó bá gbà kọjá á kọ́kọ́ ta kìjí, lẹ́yìn náà á wá dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Aristides Leão, ará Bràsíìlì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní 1944, ọpọlọ ehoro ló ti rí i. Aura làwọn dókítà ń pe ohun tójú ń rí yẹn, ìṣẹ́jú 5 sí 60 ló sì máa ń lò kó tó lọ, ẹ̀fọ́rí á wá tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹlòmíì wà tí ò ní rí ẹ̀fọ́rí kankan lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ dákun, tó bá jẹ́ pé lójijì ni nǹkan dúdú bo ojú yín, tàbí ojú kan ṣoṣo ló ń ṣe, tàbí ó ti ju wákàtí kan lọ, tàbí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde dáadáa, tàbí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún kẹ́ ẹ tó rí irú ẹ̀ rí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọrí sí, ẹ má jókòó máa ka èyí. Aláboyún tó ti kọjá oṣù 5 tó wá ń rí iná lójú náà, kó tètè lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú fáwa obìnrin ni họ́mónù. Kí ọmọbìnrin tó bàlágà, iye ọkùnrin àti obìnrin tó ń ní túúlu ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn obìnrin á wá fi bí ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé nǹkan oṣù máa ń fà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni estrogen, họ́mónù obìnrin, ń gbà dá wàhálà sílẹ̀, ọ̀nà méjèèjì sì kọ̀yìn síra wọn. Tí estrogen bá já wálẹ̀, bó ṣe máa ń já kí nǹkan oṣù tó dé, ẹ̀fọ́rí ló máa ń fà, èyí tí ò ní aura, tó máa ń le tó sì máa ń pẹ́, ọjọ́ 2 ṣáájú nǹkan oṣù títí di ọjọ́ kẹta ẹ̀ ló máa ń bọ́ sí jù. Tí estrogen bá wá ga, bíi nínú oyún, tàbí torí oògùn fẹ́mílì pílánìn tó ní estrogen, ibẹ̀ ni aura ti máa ń yọjú, kódà ẹni tí ò rí i rí láyé ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Obìnrin kan náà sì lè ní méjèèjì, tí aura ẹ̀ á dé láàárín oṣù, tí ẹ̀fọ́rí tí ò ní aura á wá dé pẹ̀lú nǹkan oṣù. Ẹ ò rí i pé ohun tó bá ọ̀rẹ́ yín lára mu lè jẹ́ òun gan-an ló máa kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Nǹkan tí mo fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí, wọn ò sì dọ́gba lójú mi o. Àkọ́kọ́ ni pé ṣé ẹni tó ní aura lè lò ó láìséwu, èyí tó bá já níbí ti já náà nìyẹn, kò sí pé ó dára níbòmíì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo wo bóyá ó ń dí estrogen lọ́wọ́ kó má já, tàbí kó má ga, tàbí kò kan họ́mónù rárá. Mo wo bó ṣe ṣeé gbọ́kàn lé àti bó ṣe máa pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Owó àti ìyọnu tẹ̀ lé e. Mo sì wo ọ̀rọ̀ ọmọ: ṣé ẹ ṣì ń wá oyún, ṣé ẹ ò tíì fẹ́, àbí ẹ ti bí tán.

Àkọsílẹ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe ń gbé ayé yín

Ẹ má yínmú o. Ìwé pélébé kan tàbí fóònù yín ti tó, oṣù 3 ó kéré tán. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ni ọjọ́ 1, ẹ máa kà á lọ látibẹ̀. Tí túúlu bá dé, ẹ kọ ọjọ́ tó bọ́ sí, ṣé ojú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àbí orí, ìṣẹ́jú mélòó lojú lò, ohun tẹ́ ẹ lò sí i, bẹ́ ẹ ṣe sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àti oúnjẹ tẹ́ ẹ fò. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kò ní dá túúlu kankan dúró o, àmọ́ láìsí i, gbogbo èyí tó kù tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, bí afọ́jú tó ń ta ọfà lẹ máa ṣe é, dókítà tó bá sì gbọ́n, òun ló máa kọ́kọ́ bi yín.

Ìdí míì tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé àwọn ohun tó ń fa túúlu máa ń kóra jọ ni. Àìsùn nìkan lè má fà á, ebi nìkan lè má fà á, estrogen tó ń já nìkan náà lè má fà á, àmọ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lọ́jọ́ kan. Ẹ ò lè sún nǹkan oṣù síwájú, àmọ́ ẹ lè sún àpéjọ ìdájí yẹn, ẹ lè rí i pé lọ́sẹ̀ tó léwu yẹn ẹ sùn lásìkò, ẹ jí lásìkò, ẹ ò febi panú, ẹ mu omi. Ẹ sì ṣọ́ra kẹ́ ẹ má tètè dá nǹkan lẹ́bi: ẹni tó ń yán ṣáá, tí ṣokoléètì ń wù ú jẹ ní gbogbo ọ̀nà, tí túúlu wá dé lọ́jọ́ kejì, á ní ṣokoléètì ló fà á, bẹ́ẹ̀ túúlu ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ kí ṣokoléètì tó máa wù ú.

Oògùn tẹ́ ẹ máa lò tó bá ti dé

Kí n má parọ́ fún yín, kò sí oògùn tó ń nu aura kúrò lójú tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, ẹ dúró dè é. Ẹ̀fọ́rí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ loògùn lè bá jà. Ibuprofen mílígíráàmù 400, aspirin 900, tàbí naproxen 500, ẹ lè lò ọ̀kan nínú wọn kété tójú bá ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ò bá ti ní ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kíndìnrín, tẹ́ ẹ ò sì lóyún. Inú kì í lọ dáadáa nígbà tí túúlu bá dé, oògùn á kàn jókòó síbẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi máa ń fi oògùn tó ń dá èébì dúró bíi metoclopramide kún un, ó sì máa ń yàtọ̀ lóòótọ́.

Àwọn triptan, ìyẹn oògùn tí wọ́n ṣe fún túúlu ní pàtó, bíi sumatriptan, lágbára jùyẹn lọ, àmọ́ àwọn yẹn, ẹ jẹ́ kí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e mì, tẹ́ ẹ bá lò ó nígbà tójú nìkan ṣì ń ṣe, kì í sábà ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ò gbọ́ràn, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Owó ẹ̀ ju tàwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò pọ̀ jù.

Aburú ọ̀nà yìí ni pé ó máa ń dùn lò ju. Tí triptan bá ń lọ sí ọjọ́ 10 lóṣù, tàbí àwọn ibuprofen yẹn sí ọjọ́ 15, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù 3 lọ sókè, oògùn gan-an lá wá máa fa ẹ̀fọ́rí. Ẹ sì jìnnà sí codeine àti tramadol fún ọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tí wọ́n ń lò fọ́jọ́ díẹ̀ nígbà nǹkan oṣù

Èyí dáa fẹ́ni tí nǹkan oṣù ẹ̀ kì í yẹ̀. Naproxen mílígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tàbí frovatriptan 2.5 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọjọ́ 2 ṣáájú, ẹ lò ó fún bí ọjọ́ 5 tàbí 6. Kò kan họ́mónù yín rárá, kì í pẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ó gbà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n bi dókítà nípa ẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sórí oògùn ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀fọ́rí estrogen tó já ló wà fún, aura tó ń dé láàárín oṣù ò mọ̀ ọ́n rí. Tí nǹkan oṣù yín bá sì jẹ́ èyí tó ń dé nígbà tó bá wù ú, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò ní mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá oyún, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná.

Fẹ́mílì pílánìn, ibi tí ewu wà gan-an

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gba oògùn fẹ́mílì pílánìn, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọ́n á bi wọ́n bóyá wọ́n ń mu sìgá, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n bóyá ojú wọn máa ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì kí orí tó fọ́. Àwọn náà ò sì ní sọ, torí wọn ò mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkankan.

Ó já mọ́ nǹkan o. Aura nìkan ti fi bí ìlọ́po méjì gbé ewu rọpárọsẹ̀ sókè, ewu yẹn ò pọ̀ fún ọ̀dọ́ o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìbẹ̀rù pa yín, àmọ́ estrogen inú oògùn náà máa ń gbé e sókè, sìgá náà ń gbé e, kí wọ́n wá pàdé. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi to oògùn tó ní estrogen sí ipele 4 fún ẹni tó ní aura, ipele tó parí ẹ̀ nìyẹn, ó túmọ̀ sí pé kó má lò ó rárá, bó ti wù kó kéré lọ́jọ́ orí tó. Kì í ṣe hóró nìkan o, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra àti òrùka tí wọ́n ń fi sójú ara náà wà níbẹ̀. Fún ẹni tí túúlu ẹ̀ ò ní aura, tó ń lò ó tẹ̀léra láì fi àyè sílẹ̀ kí estrogen má bàa já, ó lè dáa fún un, ọ̀rẹ́ yín lè jẹ́rìí ẹ̀, òótọ́ ló sì ń sọ. Tiyín ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Hóró tó jẹ́ progestogen nìkan, ìyẹn họ́mónù obìnrin míì tí kì í ṣe estrogen, ni mo kà sí èyí tó dáa jù nínú gbogbo wọn fẹ́ni tó ní aura tí ò sì fẹ́ lóyún. Desogestrel 75 máíkírógíráàmù, bí àpẹẹrẹ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, kò sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi, kì í sì í jẹ́ kí ẹyin jáde lára ọ̀pọ̀ obìnrin, torí náà estrogen ò ní máa lọ sókè sódò. Àwọn obìnrin kan ń rí i pé túúlu wọn dínkù, àti ti ojú àti ti orí. Owó ẹ̀ ò pọ̀. Ohun tó máa ń lé èèyàn kúrò nídìí ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó máa ń wá ségesège lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, òun ló sì máa ń jẹ́ káwọn kan jáwọ́ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó máa ràn wọ́n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kẹ́ ẹ fún un tó oṣù 3. Ẹ má pẹ́ ju wákàtí 12 lọ kẹ́ ẹ tó lò ó, àwọn ti àtijọ́ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé wákàtí 3 péré ni.

Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta àti èyí tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ apá, progestogen náà ni wọ́n, ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn lè fẹ́ràn wọn. Ohun tí mi ò fẹ́ lára abẹ́rẹ́ ni pé tó bá bá yín lára jà, ẹ ò lè yọ ọ́, àfi kẹ́ ẹ dúró títí á fi tán. Ti apá, wọ́n lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti fẹ́.

Èyí oní-levonorgestrel (progestogen lòun náà) tí wọ́n ń fi sílé ọmọ máa ń lo ọdún mélòó kan, ó dáa gan-an fẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀ tàbí tí inú máa ń run, àmọ́ ẹyin ṣì lè máa jáde, estrogen á ṣì máa já, ẹ má retí pé ó máa pa túúlu. Oníbàbà, tí wọ́n ń fi sílé ọmọ bákan náà, ò ní họ́mónù kankan, kò lè fa aura, kò sì lè dín in kù, ó lè lo ọdún 10, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá ti ń sunkún nǹkan oṣù tẹ́lẹ̀, kì í ṣe tiyín.

Oògùn ojoojúmọ́ tí ò kan họ́mónù

Tí túúlu bá ń dé lemọ́lemọ́, bíi ọjọ́ 4 lóṣù lọ sókè, tàbí tí aura bá ń dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ wá síbí. Propranolol ló pẹ́ jù, kò wọ́n, ẹni tó ní ikọ́ fée ò gbọ́dọ̀ lò ó. Amitriptyline díẹ̀ lálẹ́ dáa fẹ́ni tí ò rí oorun sùn, àmọ́ ó ń múni tòògbé, ó sì lè múni sanra. Candesartan náà ń ṣiṣẹ́, ẹ má lò ó tẹ́ ẹ bá lóyún tàbí tẹ́ ẹ bá ń wá a. Topiramate lágbára ṣùgbọ́n ó ń ṣe ọmọ inú léṣe, ó sì ń dín agbára àwọn hóró fẹ́mílì pílánìn kù, ìyẹn gan-an lèèyàn á fi rò pé òun ti dáàbò bo ara òun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Valproate, obìnrin tó ṣì lè lóyún, kó gbàgbé ẹ̀. Ẹni tí ò fẹ́ oògùn líle lè fi magnesium tàbí riboflavin mílígíráàmù 400 lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò rí nǹkan tó burú ńbẹ̀ ju pé magnesium lè mú kéèyàn máa ya ìgbẹ́ gbuuru lọ. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 lẹ máa fún un, ọ̀sẹ̀ méjì ò tó láti sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dí CGRP, ìyẹn nǹkan tí ara ń tú jáde nígbà tí túúlu bá dé, lọ́wọ́ wà, erenumab ló ṣáájú, wọ́n gbà á wọlé ní Amẹ́ríkà ní 2018. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni, èèyàn kì í gbàgbé, kò fi bẹ́ẹ̀ da ara láàmú àyàfi ìgbẹ́ tó lè gan. Owó ẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́, ó sì máa ń pẹ́ lára, ẹni tó ń gbèrò oyún ní láti fi í sílẹ̀ lóṣù mélòó kan ṣáájú.

Tí nǹkan oṣù bá ń fẹ́ dáwọ́ dúró

Àsìkò yìí máa ń le, torí estrogen á máa fò sókè, á máa já lulẹ̀ láì ní ìlànà, èyí tí wọ́n ń lò nígbà nǹkan oṣù ò ní wúlò mọ́. Tẹ́ ẹ bá nílò họ́mónù torí ooru àti àìsùn, aura ò ní kí wọ́n má fún yín, kò rí bíi ti fẹ́mílì pílánìn níbí, ìwọ̀n estrogen ẹ̀ kéré síyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí tí wọ́n ń fi pa ara, ó ń wọ ẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dáa ju èyí tí wọ́n ń gbé mì lọ, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó kéré jù bẹ̀rẹ̀. Tí aura bá wá pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kó ti pọ̀ jù, kí wọ́n dín in kù.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì ní ibuprofen tàbí triptan nínú báàgì, ó tó. Ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń lọ déédéé tí ẹ̀fọ́rí sì ń bá a dé, naproxen tàbí frovatriptan ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ dán wò. Ẹni tó fẹ́ fẹ́mílì pílánìn tó sì ní aura, progestogen nìkan, tí ò bá fẹ́ họ́mónù rárá, oníbàbà, bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò bá ti pọ̀. Ẹni tó ń wá oyún, magnesium, oorun, oúnjẹ lásìkò, kó sì jẹ́ kí dókítà yẹ gbogbo oògùn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ wò kí oyún tó dé. Ẹni tí túúlu ò fi lọ́rùn sílẹ̀ tó ti dán oògùn ojoojúmọ́ méjì wò tí ò gbà, tó sì lówó ẹ̀ tàbí tí ìnṣọ́ránsì ẹ̀ máa san án, kó béèrè nípa CGRP.

Ẹni tó wà lórí hóró tó ní estrogen báyìí, tó wá ń kà èyí tó sì mọ̀ pé ojú òun máa ń tàn, kó má dúró di ìgbà tí páálí yẹn máa tán. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kó pe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kó sọ ọ̀rọ̀ ojú yẹn fún wọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kó sì máa lo kọ́ńdọ̀mù títí wọ́n á fi sọ pé tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.